Ẹrù Ẹ̀sín: Ìdí Tí Èrò Ikú Fi Ń Wọ Ọkàn Ọ̀pọ̀ Transgender ní Èkó

Lóṣù kẹwàá ọdún 2024, ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀ gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti wá bí wọ́n ṣe máa yọ ìgbìyànjú àtipa ara ẹni kúrò lára ohun tí òfin kà sí ẹ̀ṣẹ̀. Lọ́dún kan náà, Sẹ́nétọ̀ Asuquo Ekpenyong láti Cross River gbé àbádòfin lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Apá 327 nínú Criminal Code ni wọ́n ń lé, òfin tí àwọn òyìnbó amúnisìn fi sílẹ̀ fún wa: ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ tí kò kú, ẹ̀wọ̀n ọdún kan lè tẹ̀ lé e. Ní Èkó níbí, òfin ìpínlẹ̀ ti rọ̀ ọ́ láti ọdún 2011. Adájọ́ gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n gbé onítọ̀hún lọ sílé ìwòsàn ni. Síbẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ṣì ń pè é, iwájú adájọ́ náà ló sì gbà kọjá.

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jà ràn-ìn lórí rédíò àti lórí ẹ̀rọ ayélujára. A gbọ́ nípa akẹ́kọ̀ọ́ tó fìdí rẹmi, a gbọ́ nípa ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn, a gbọ́ nípa ìyàwó tí ọkọ ń lù. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwọn kan wà tí a kì í dárúkọ wọn mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ wọ́n wà lára àwọn tí ewu náà wúwo lé jù lọ. Àwọn transgender ni mò ń sọ: ẹni tí wọ́n kọ ọkùnrin sí ìwé ìbí rẹ̀ ṣùgbọ́n tó mọ ara rẹ̀ sí obìnrin, tàbí ẹni tí wọ́n pè ní obìnrin lọ́jọ́ ìkómọjáde tó mọ ara rẹ̀ sí ọkùnrin. Wọ́n wà ní Muṣin, wọ́n wà ní Bàrígà, wọ́n wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti ní Lẹ́kí. Wọ́n ń ṣe irun, wọ́n ń rán aṣọ, wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, ọ̀pọ̀ wọn sì ń sùn nínú ilé àwọn òbí tí kò mọ ohun tó wà lọ́kàn ọmọ wọn.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé àwọn tó ń ti ọwọ́ ara wọn kú lágbàáyé lé ní 720,000 lọ́dọọdún. Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2015, transgender 27,715 ló dáhùn ìbéèrè. Ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló sọ pé àwọn ti gbìyànjú rẹ̀ rí. Láàárín gbogbo ará ìlú Amẹ́ríkà, kò tó ìdá 5. Ẹnì kan lè ní ẹni tó bá wù ló ń dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, àti pé ẹni tó ti jìyà ló máa ń fẹ́ sọ̀rọ̀. Àríwísí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní Dẹ́nmáàkì lọ́dún 2023 fi ṣe pàtàkì sí mi ju tàkọ́kọ́ lọ: wọn ò bi ẹnikẹ́ni léèrè, ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba ní ilé ìwòsàn àti ti ikú fún ohun tó lé ní ogójì ọdún ni wọ́n tú wò. Wọ́n rí transgender 3,759 níbẹ̀. Ìgbìyànjú láti pa ara ẹni láàárín wọn fi ìlọ́po 7.7 ju ti àwọn yòókù lọ, ikú láti ọwọ́ ara ẹni sì fi ìlọ́po 3.5 ju tiwọn lọ.

Kí n tètè fi èyí kún un, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ikú ni wọ́n yàn mọ́ wọn. Ní ilé ìwòsàn kan ní Amsterdam, wọ́n yẹ ìwé àwọn transgender 8,263 tó wá síbẹ̀ láàárín ọdún 1972 sí 2017 wò. Mọ́kàndínláàádọ́ta nínú wọn ló ti ọwọ́ ara wọn kú. Ó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀dùn ọkàn sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí kò gba ọ̀nà yẹn lọ. Èrò ikú máa ń wá, ó sì máa ń lọ, bí ohun tó ń fà á bá fúyẹ́.

Kí wá ló ń fà á?

Ìdáhùn tí mo máa ń gbọ́ jù ní Èkó ni pé orí wọn ló dàrú, tàbí pé ẹ̀mí àìrí ló ń bá wọn jà. WHO fúnra rẹ̀ ti yọ jíjẹ́ transgender kúrò lára àìsàn ọpọlọ. Ọdún 2019 ni àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ìwé tuntun náà, oṣù kìíní ọdún 2022 ló sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lóòótọ́, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn pọ̀ láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró sínú òjò láti àárọ̀ tí òtútù wá mú, a kì í sọ pé òtútù ni wọ́n bí mọ́ ọn.

Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Ilan Meyer ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 2003, àwọn ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin àti àwọn obìnrin tó fẹ́ràn obìnrin ló sì kọ́kọ́ fi wò. Lọ́dún 2012, àwọn onímọ̀ méjì mìíràn, Hendricks àti Testa, fi wo àwọn transgender. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ìnira ayé ń bẹ fún gbogbo èèyàn, àmọ́ ìnira kan tún wà tó jẹ́ pé ẹni tí àwùjọ kò fẹ́ rí nìkan ló ń rù ú, ó sì ń gùn lé ti gbogbogbò lórí. Gbogbo wa la mọ ti gbogbogbò ní Èkó. Owó oúnjẹ fò sókè látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù kárùn-ún ọdún 2023, onílé ń béèrè owó ọdún kan pẹ̀lú ti lọ́yà àti ti ejẹ́ǹtì. Transgender náà ń san án. Èyí tó kù ni òun nìkan ń san.

Apá kan nínú rẹ̀ hàn sí gbogbo ojú: kí wọ́n gbá a létí ládùúgbò, kí wọ́n lé e níṣẹ́, kí onílé kó ẹrù rẹ̀ síta. Apá tó fara sin ló ṣòroó ṣàlàyé, òun ló sì máa ń jẹ èèyàn tán.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọbìnrin kan tó ń ṣe irun ní Ojúẹlẹ́gbà, tí ìwé ìbí rẹ̀ sọ pé ọkùnrin ni. Ó wọ dáńfó ní Òṣòdì. Kọ́ńdọ́ ń pariwo pé, "Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Owó rẹ̀ ti wà lọ́wọ́, ó ti kà á pé kó tó kúrò nílé, torí bí ọ̀rọ̀ ṣéńjì bá ṣẹlẹ̀, ohùn ló máa fi dáhùn, ohùn náà sì nípọn. Ẹni tó jókòó tì í ń bi í bóyá ọkọ̀ yìí máa dé Muṣin, ó kàn mi orí. Nígbà tí wọ́n dé ibi tó ti fẹ́ sọ̀, ó yẹ kó ké pé "Ó wà o!" bí gbogbo èrò ọkọ̀. Kò ké e. Ó ń dúró de ẹlòmíràn tó máa ké e. Bó bá ṣe ibùdókọ̀ méjì síwájú lẹni náà ti sọ̀, á bá a sọ̀, á fẹsẹ̀ rìn padà lábẹ́ oòrùn. Nígbà tó bá dé ṣọ́ọ̀bù, tó ti fi wákàtí mẹ́rin di irun tán, oníbàárà á ní òun fẹ́ fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù. Bó bá ti tẹ nọ́ńbà àkáǹtì báyìí, orúkọ tí báńkì mọ̀ ló máa jáde: Babátúndé. Oníbàárà á gbójú sókè.

Kò sẹ́ni tó nà án lọ́jọ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó bú u. Bí ẹ bá bi í léèrè pé kí ló ṣe é, ó lè má rí nǹkan kan tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ ti ń já láti Òṣòdì, yóò sì tún já bẹ́ẹ̀ lọ́la àti lọ́túnla. Ọkàn tó ń ṣọ́ ewu láti òwúrọ̀ dalẹ́ kì í rí oorun sùn dáadáa, àìróorun-sùn sì wà lára ohun tí àwọn dókítà máa ń kọ́kọ́ béèrè bí wọ́n bá ń wò bóyá ẹni tó rẹ̀wẹ̀sì ti súnmọ́ ewu. Ìpamọ́ tún ń ṣe ohun mìíràn: ó ń gé èèyàn kúrò lára àwọn tó lè gbà á. Ẹni tó bá ń ṣọ́ ohùn ara rẹ̀ kò lè sọ fún ọ̀rẹ́ ṣọ́ọ̀bù pé òun sunkún mọ́jú.

Thomas Joiner, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ lọ́dún 2005 pé èrò méjì ló máa ń pàdé lọ́kàn ẹni tó bá fẹ́ kú. Àkọ́kọ́: mi ò ní ibi kankan tí mo jẹ́ ti ẹnikẹ́ni. Èkejì: ẹrù ni mo jẹ́ fún àwọn èèyàn mi, ara máa tù wọ́n bí mi ò bá sí. Bí mo ṣe kà á, ohun tí a máa ń sọ nílé ló wá sí mi lọ́kàn. Àwa Yorùbá ní ikú yá j'ẹ̀sín. Àwọn àgbà fi ń kìlọ̀ fún olè àti ọ̀dàlẹ̀ ni, kí èèyàn lè pa ìwà rẹ̀ mọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé a ti wá ń sọ ọ́, tàbí ìtumọ̀ rẹ̀, sí ọmọ tí kò jí ohun ẹnikẹ́ni. "O fẹ́ sọ mí dẹni yẹ̀yẹ́ ládùúgbò." "Kí ni màá sọ fún àwọn ẹbí bàbá rẹ?" "Ká ní mo mọ̀ ni, mi ò bá má bí ọ." Ìyá tó ń sọ ọ́ lè rò pé òun ń bínú lásán ni. Ọmọ tó ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ ti ń rí èrò méjèèjì tí Joiner kọ, láti ẹnu ẹni tó fẹ́ràn jù.

Ilé yìí gan-an ni ohun tó pọ̀ jù nínú ẹrù náà wà, àwọn ìwádìí sì fi hàn bẹ́ẹ̀. Ní Ontario ní Kánádà, lọ́dún 2012, wọ́n gbé iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn transgender ọmọ ọdún 16 sí 24. Láàárín àwọn tí òbí wọn kò dúró tì wọ́n gbágbáágbá, ìdá 57 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti gbìyànjú láti pa ara wọn láàárín ọdún kan péré. Láàárín àwọn tí òbí wọn dúró tì wọ́n gan-an, ìdá 4 ni. Àwọn ọ̀dọ́ náà kò tó ọgọ́rùn-ún, nítorí náà kí a má gbé òǹkà náà gẹ̀gẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ìwádìí ńlá ti Amẹ́ríkà tí mo mẹ́nu bà lókè tọ́ka sí ibì kan náà: ìdá 54 láàárín àwọn tí ẹbí kọ̀, ìdá 37 láàárín àwọn tí ẹbí gbà. Ọmọ kan náà ni, ara kan náà ni. Ohun tó yàtọ̀ ni ìyá, bàbá, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò.

Mo mọ̀ pé òbí tó ń ka èyí lè ní, "Ṣé kí n wá fọwọ́ sí i ni?" Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fi tipátipá gba ohun tí kò tíì yé e. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kéré sí ìyẹn. Kí ọmọ ní ibi tó máa sùn. Kí oúnjẹ rẹ̀ wà nínú ìkòkò. Kí ẹ má lé e jáde kó tó ṣe WAEC, torí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí wọ́n lé kúrò nílé ní Ṣómólú, ọwọ́ ẹni tó máa bọ́ sí kì í ṣe ọwọ́ rere. Àwọn àgbà kan náà ló sọ pé bí ọmọ ẹni bá burú, a kì í fi fún ẹkùn pa jẹ, ọmọ tí à ń sọ yìí kò sì burú.

Ọ̀pọ̀ òbí máa ń sáré gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ pásítọ̀ tàbí ààfáà, èrò rere ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Àdúrà kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ohun tó ń pani lára ni kí wọ́n dè é mọ́lẹ̀, kí wọ́n fi ebi pa á lórúkọ ààwẹ̀, kí wọ́n nà án pé ẹ̀mí kan gbọ́dọ̀ jáde, kí wọ́n sì ní kó dúró níwájú ìjọ jẹ́wọ́. Wọ́n tún padà yẹ ìdáhùn àwọn 27,715 ti Amẹ́ríkà yẹn wò lórí èyí. Àwọn tí oníṣègùn tàbí aṣáájú ẹ̀sìn ti gbìyànjú láti yí padà rí ni ìgbìyànjú àtipa ara ẹni pọ̀ sí láàárín wọn, àgàgà àwọn tí wọ́n ṣe é fún kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run tó bá fẹ́ ran ìdílé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ lè ṣe èyí tó wúlò jù: kó sọ fún bàbá ọmọ náà pé kó má lé e.

Lóde, òfin náà ń bẹ. Òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí lóṣù kìíní ọdún 2014 lórí ìgbéyàwó láàárín akọ àti akọ tàbí abo àti abo fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sí ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, ọdún 10 sì ni fún ẹni tó bá wọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ tàbí tó tì í lẹ́yìn. Kò dárúkọ transgender níbì kankan. Lóṣù kẹrin ọdún 2022, wọ́n gbé àbádòfin kan lọ sílé aṣojú-ṣòfin láti fi ọkùnrin tó wọṣọ obìnrin àti obìnrin tó wọṣọ ọkùnrin kún un, kò sì di òfin. Ṣùgbọ́n ta ló ń ka ìwé òfin lójú pópó? Lóṣù kẹjọ ọdún 2018, ọlọ́pàá kó ọkùnrin 57 ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Wọ́n gbé 47 nínú wọn lọ sílé ẹjọ́ lórí òfin ọdún 2014 yìí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó da ẹjọ́ náà nù torí ìjọba kò mú ẹlẹ́rìí wá bó ṣe yẹ. Láàárín ọdún méjì yẹn, ojú wọn ti wà lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn ará ilé wọn sì ti rí i.

Ibẹ̀ ni àwọn oníjìbìtì ti rí ọ̀nà. Gbogbo ẹni tó wà láàárín ọ̀rọ̀ yìí ní Èkó ló mọ "kito": ẹnì kan á bá ọ sọ̀rọ̀ ìfẹ́ lórí fóònù, á pè ọ́ wá sí ilé kan, o dé ibẹ̀, ọkùnrin mẹ́rin márùn-ún á jáde sí ọ. Wọ́n á gba fóònù, wọ́n á ní kó o fi owó ránṣẹ́, wọ́n á ya fídíò rẹ níhòòhò, wọ́n á sì ní àwọn máa fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ. Ìdúnkookò àti ìlọ́nilọ́wọ́gbà bẹ́ẹ̀ ń padà wá lọ́dọọdún nínú ìròyìn TIERs, ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ tó wà ní Èkó láti ọdún 2005. Ẹni tí kito mú kò lè lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, torí ó ń bẹ̀rù pé òun ni wọ́n máa tì mọ́lé. Wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn irú ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn ni ewu pọ̀ jù. Bí ọ̀rẹ́ yín bá wà nínú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó dá sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Òfin fúnra rẹ̀ ń pani lára bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò mú ẹnikẹ́ni. Lọ́dún 2024, ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọ̀dọ́ transgender ní àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tó ṣòfin lòdì sí wọn. Lẹ́yìn tí òfin bá jáde, ìgbìyànjú àtipa ara ẹni láàárín wọn ń lọ sókè ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, ìlọsókè náà sì tó ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún níbi tó ti le jù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká má tan ara wa: Dẹ́nmáàkì ti gba kí transgender yí ìwé rẹ̀ padà láti ọdún 2014, ewu sì ṣì ga níbẹ̀. Òfin rere nìkan kò lè sọ fún ìyá kan pé kó gbé fóònù ọmọ rẹ̀.

Ohun kan wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Lọ́dún 2018, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà bá ọ̀dọ́ transgender 129 sọ̀rọ̀ nípa orúkọ tí wọ́n yàn fún ara wọn. Bí ibì kan bá kún iye ibi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní orúkọ náà, yálà nílé, nílé ìwé, níbi iṣẹ́ tàbí láàárín ọ̀rẹ́, èrò àtikú ń fi ìdá 29 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù, ìgbìyànjú sì ń fi ìdá 56 dínkù. Ibì kan péré. Ó rọrùn fún wa ju fún ọ̀pọ̀ èèyàn lọ, torí ọ̀pọ̀ orúkọ wa ni takọtabo ń jẹ́. Ìyá tí ẹnu rẹ̀ kò tíì gba orúkọ tuntun lè pe ọmọ rẹ̀ ní Tọ́pẹ́, tàbí Ayọ̀, tàbí Ṣeun.

Bí ẹ bá ń ṣàníyàn nípa ẹnì kan, ẹ bi í léèrè gbangba: "Ṣé èrò àtipa ara rẹ ti ń wá sí ọ lọ́kàn?" Ìbéèrè yẹn kì í gbin èrò náà síni lọ́kàn, ó máa ń tu ẹni tó ti ń dá a gbé lára ni. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má wàásù. Ẹ jókòó tì í, ẹ kó ohun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò nítòsí, kí ẹ sì bá a lọ sílé ìwòsàn. LUTH ní Ìdí-Àràbà ní ẹ̀ka kan tó ń jẹ́ SURPIN fún ọ̀rọ̀ yìí gan-an, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Yábàá, LASUTH sì wà ní Ìkẹjà. Ẹ̀rù tó ń ba ọ̀pọ̀ transgender ni pé dókítà máa fi àwọn sùn. Òfin ìlera ti ọdún 2014, ní apá 26, sọ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ aláìsàn, kò sì sí ohun tó fi dandan lé e pé kí aláìsàn sọ irú ẹni tó jẹ́ kí wọ́n tó tọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn rẹ̀. Ó lè bẹ̀rẹ̀ látorí pé òun kì í rí oorun sùn. Bí nọ́ọ̀sì kan bá fi ojú burúkú wò ó, kó béèrè fún ẹlòmíràn, kí ẹni tó sìn ín wá sì dúró síbẹ̀ bá a béèrè. Bó bá jẹ́ pàjáwìrì, 767 tàbí 112 ni ẹ máa pè ní Èkó, tọ̀sán tòru, kò sì gba owó.